Calgary Flames àti pàṣípààrọ̀ eléré: ṣé ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń lé, àbí ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tọ́?

Ní Calgary, ìlú kan ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ẹnu àwọn olólùfẹ́ họ́kì orí yìnyín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025: kí ni Calgary Flames ń ṣe gan-an? Lọ́jọ́ 30 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2025 ni ikọ̀ náà kó Andrei Kuzmenko àti Jakob Pelletier fún Philadelphia Flyers, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ eléré méjì lé e. Joel Farabee àti Morgan Frost ni wọ́n gbà padà. Nígbà yẹn, sáà ti kọjá ìdajì, Flames ò sì tíì jábọ́ kúrò nínú àwọn tó lè wọ ìpele àṣekágbá.

Ẹni tó bá ń wò ó pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú eré orí yìnyín, kó rántí Jarome Iginla. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá. Adékúnlé lorúkọ rẹ̀ kó tó yí i padà sí Elvis nígbà tó dé Kánádà. Ọmọ náà ń jẹ́ Adékúnlé pẹ̀lú, Iginla tó sì ń jẹ́ ò ju igi ńlá lọ. Góòlù 525 ló gbá wọlé fún Flames, kò sí ẹni tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn ikọ̀ náà. Láti 2023 ló ti padà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdámọ̀ràn fún Craig Conroy, ọ̀gá àgbà tó ń bójú tó rírà àti títa eléré. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣeré pọ̀ ní Flames rí.

Ó yẹ ká ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pàṣípààrọ̀ yìí díẹ̀, torí kò rí bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Nínú líìgì NHL, ẹgbẹ́ kì í kó mílíọ̀nù owó fún ẹgbẹ́ kejì láti fi ra eléré. Èèyàn ni wọ́n fi ń gba èèyàn, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ gbà á. Ọdọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń tò láti yan àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹni tí kò bá ṣe dáadáa nínú sáà ló sì sábà máa ń yàn ṣáájú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà: ẹgbẹ́ tó bá wà láàárín, tí kò dára tó láti gba ife-ẹ̀yẹ, tí kò sì burú tó láti rí ọmọ tó pegedé yàn, lè pẹ́ lójú kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Flames ti mọ ibẹ̀ dáadáa. Láti 2022 ni wọn ò ti dé ìpele àṣekágbá, ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n sì gba Stanley Cup ni 1989. Lọ́dún 2022 yẹn náà ni Johnny Gaudreau fi wọ́n sílẹ̀, tí Matthew Tkachuk sì gba Florida lọ, níbi tó ti gba ife-ẹ̀yẹ ní 2024. Jonathan Huberdeau tó wá dípò Tkachuk gba àdéhùn ọdún mẹ́jọ tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 84 dọ́là, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ. Nígbà tí Conroy gorí àléfà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé palẹ̀: Elias Lindholm lọ sí Vancouver, Chris Tanev lọ sí Dallas, Noah Hanifin lọ sí Vegas. Nígbà tó di oṣù Òkúdù 2024, ó kó aṣọ́lé Jacob Markstrom fún New Jersey.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé ìdí àtẹ ni wọ́n máa wà ní sáà 2024 sí 2025. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dustin Wolf, ọmọ tuntun tó ń ṣọ́lé, ló gbé wọn dúró. Ẹni 214 nínú 217 tí wọ́n yàn lọ́dún 2019 ni. Ẹ ò rí i pé díẹ̀ ló kù kí gbogbo ẹgbẹ́ fojú fò ó. Huberdeau náà ti ń jí nígbà yẹn: góòlù tó ti gbá wọlé ti ju 12 tó gbá ní gbogbo sáà tó ṣáájú. Àmọ́ Flames wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó gbá góòlù díẹ̀ jù lọ ní líìgì ní sáà náà. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ alẹ́ ló jẹ́ pé tí Wolf ò bá ṣọ́lé dáadáa, ilé ti dà wó nìyẹn.

Ibi tó ń jò yìí ni pàṣípààrọ̀ Philadelphia fẹ́ dí. Kuzmenko gbá góòlù 39 fún Vancouver nínú sáà 2022 sí 2023, àmọ́ mẹ́rin péré ló rí gbá fún Flames nínú eré 37 ní sáà 2024 sí 2025, àdéhùn rẹ̀ sì ń parí lọ nígbà yẹn. Ẹni ọdún 24 ni Farabee nígbà yẹn, ó gbá góòlù 22 ní sáà tó ṣáájú, ó sì ní àdéhùn títí di 2028. Ẹni ọdún 25 ni Frost nígbà náà, àárín ló ti ń ṣeré, ibẹ̀ gan-an ni Flames ti ń wá èèyàn. Conroy ò sì fi ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ ìpele àkọ́kọ́ kankan sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó ná owó ọ̀la láti fi jẹun òní.

Síbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ pín sí méjì nígbà yẹn. Àwọn kan ní ìdúnnú ilé ò ṣeé fowó rà, pé kí wọ́n jẹ́ kí Wolf àtàwọn ọ̀dọ́ tọ́ àṣekágbá wò, pàápàá bí Vancouver tí wọ́n jọ ń du àyè ṣe ta J.T. Miller fún New York Rangers lọ́jọ́ kejì pàṣípààrọ̀ náà. Àwọn kejì ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Lójú tiwọn, ó yẹ kí wọ́n ta Rasmus Andersson nígbà tó ṣì níye lórí, torí ọdún 2026 ni àdéhùn rẹ̀ máa parí.

Nínú àríyànjiyàn yìí, ẹlẹ́rìí tó dájú jù lọ ni Iginla fúnra rẹ̀. Ọdún mélòó kan ni Flames fi ń lé àṣekágbá tí wọn ò bá, tí wọ́n dì í mú. Nígbà tí wọ́n máa kó o fún Pittsburgh ní oṣù Ẹrẹ́nà 2013, ó ti di ẹni ọdún 35, àdéhùn rẹ̀ sì ku oṣù díẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì àti ẹ̀tọ́ yíyan kan ni wọ́n rí gbà, kò sì sí èyí tó di gbajúmọ̀ nínú wọn. Igi ńlá wó, kò sí ọ̀mùnú tó hù nídìí rẹ̀.

Líìgì sinmi díẹ̀ nítorí ìdíje orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 12 oṣù Èrèlé 2025. Ọjọ́ 7 oṣù Ẹrẹ́nà 2025 ni ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ tì. Ohun tó wà nílẹ̀ kó tó dìgbà yẹn ni pé tí Flames bá ṣì wà nítòsí àyè àṣekágbá, ó máa ṣòro fún Conroy láti ta ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá sì fìdí rẹmi léraléra, tẹlifóònù rẹ̀ ò ní dákẹ́. Farabee àti Frost fi hàn pé ó ń wá ọ̀nà kẹta: kí ẹgbẹ́ dára sí i láìta ọ̀la. Andersson ni wọ́n ń wò nígbà náà láti mọ̀ bóyá ọ̀nà náà là.