Ọgbẹ́ Inú Kọ́ Ni: Àbá Lórí Orúkọ Àìsàn Àpòlúkù Kan

Ó ti mọ́ àwa olùkọ́ àti òǹkọ̀wé lára pé ohunkóhun tí ó bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu nínú àpòlúkù, "ọgbẹ́ inú" ni a óò pè é. Ọgbẹ́ ni ibi tí ara ti ya, tàbí tí nǹkan ti jẹ ẹ́ wọ inú. Ṣùgbọ́n awọ inú àpòlúkù lè wú, kí ó pọ́n, kí ó sì máa ṣègbé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Ìwúpọ́n àpòlúkù ni a dábàá fún èyí. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ-ogun ara, èyíinì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò àrùn jà, ni ó ń fà á.

Báwo ni a óò ti pe ẹ̀yà yìí? Èyí tí ó kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn ni "àìsàn ara-ń-bá-ara-jà". A kò fara mọ́ ọn. Létí Yorùbá, ẹni tí ó ń bá ara rẹ̀ jà ní ẹ̀bi. Aláìsàn yóò sì máa bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ṣe. Èdè wa ní àṣìṣe, àṣìsọ àti àṣìgbọ́. Kí ló dé tí a kò fi ní ní àṣìjà? Ọmọ-ogun náà kò dalẹ̀. Ọmọ ilé ni ó ṣì mú fún olè. Orúkọ yìí yóò tún wúlò fún irú àtọ̀gbẹ tí ó sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti èwe, nítorí àṣìjà ni òun náà.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àṣìjà yìí ń pa wà ní apá òkè àti àárín àpòlúkù. Àwọn ni ó ń ṣe ásíìdì, àwọn kan náà ni ó sì ń ṣe èròjà tí a lè pè ní alábàárìn, nítorí pé ó ń bá fítámì B12 rìn dé òpin ìfun kékeré, níbi tí ó ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tán, ẹni náà ìbáà máa jẹ ẹran àti ẹyin lójoojúmọ́, B12 rẹ̀ yóò máa dín kù ni. Ẹ̀dọ̀ a máa pa B12 mọ́ fún ọdún díẹ̀, nítorí náà ìpalára náà kì í tètè hàn: àárẹ̀, ahọ́n dídán tí ó ń ta, ẹsẹ̀ tí ó ń kú bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀.

Ẹni tí a bá sọ fún pé ọgbẹ́ inú ni ó ń ṣe é yóò lọ ra oògùn tí ń pa ásíìdì. Ásíìdì wo ni yóò pa nínú àpòlúkù tí kò ní in mọ́? Nígbà tí yóò fi mọ̀, iṣan-ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Dókítà kò lè fi ìrora inú nìkan mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní ní ìrora rárá. Wọn a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá èròjà ìjà tí ó dojú kọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tàbí alábàárìn wà níbẹ̀. Èyí tí ó dojú kọ alábàárìn ni ẹ̀rí tí ó dájú jù, ṣùgbọ́n kì í sí lára gbogbo aláìsàn. Wọn a sì fi ẹ̀rọ gígùn oníná wo àpòlúkù, kí wọ́n gé awọ díẹ̀ láti àárín àti láti ìsàlẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àárín bá ṣègbé tí ìsàlẹ̀ sì wà láìbàjẹ́, àṣìjà ni a ó fura sí.

Thomas Addison ti ilé-ìwòsàn Guy's ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàpèjúwe àìtó-ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tẹ̀lé e ní 1855. Pípa ni ó ń pa ènìyàn nígbà náà. Ní 1926, George Minot àti William Murphy ní Boston fi hàn pé jíjẹ ẹ̀dọ̀ púpọ̀ ń mú un sàn. Ní 1948 ni a yọ B12 sọ́tọ̀. Orúkọ tí Òyìnbó fún un, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "aṣekúpani", kò kúrò lórí rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ B12 ti gba ikú lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òǹgbufọ̀ má ṣe túmọ̀ orúkọ yẹn fún aláìsàn. Àìtó-ẹ̀jẹ̀ àṣìjà tó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní orúkọ tí ó sàn ju àṣìjà lọ, kí ó mú un wá. Kí ó ṣáà má jẹ́ ọgbẹ́.