Àká Ìjọba Tí Kò Ní Ìkejì

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ yọ lára bátìrì ní ilé kọ̀ǹpútà ìjọba Kòríà ti Gúúsù ní ìlú Daejeon. Ó jó G-Drive, àká tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jọ ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí. Terabyte 858 ṣòfò. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Wọ́n ní àká náà ti tóbi jù láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀. A kò gba àwáwí yìí. Èyí tí ó pọ̀ jù kọ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù bí?

Àwọn onímọ̀ a máa so ẹ̀rọ àká méjì pọ̀, kí ọ̀kan lè máa bá iṣẹ́ lọ bí èkejì bá dákẹ́. Wọn a sì fi ẹ̀kẹta ṣe ẹlẹ́rìí, kí olúkúlùkù má baà máa ṣe tirẹ̀ nígbà tí okùn àárín wọn bá já. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà lábẹ́ òrùlé kan, iná kan náà ni yóò jó wọn. Ìwé tí a bá sì ṣèèṣì pa rẹ́ nínú ọ̀kan, ó ti rẹ́ nínú èkejì. Ìjọba yòówù tí ó bá ń béèrè owó àká bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fi ìlú mìíràn tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà hàn wá.