Oògùn Koríko Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn

Ní ọdún 1999, ní agbègbè Banikoara, ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin tí a bá pààlà, ọmọkùnrin mẹ́ta lọ ro oko òwú bàbá wọn. Àgbàdo wà láàárín òwú náà. Nígbà tí ebi pa wọ́n, wọ́n já àgbàdo jẹ. Wọn kò mọ̀ pé àná ni wọ́n fi endosulfan fín oko náà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kú.

Ní Ìlerò wa níbí ńkọ́, ibo ni gálọ́ọ̀nù oògùn koríko wà nílé wa? Abẹ́ ibùsùn ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ àpò gààrí. Mo mọ ìdí rẹ̀: oògùn ti wọ́n, olè ń jí i lóko, yàrá nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Àwáwí kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n paraquat, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Gramoxone, ìwọ̀n ẹnu kan péré lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tí í pa oró rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù January 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Ẹni tí ó bá ṣẹ́kù sí lọ́wọ́, kí ó má rò ó sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò rárá. Ọmọdé kò mọ̀ ju pé ohun mímu ló wà nínú ìgò bẹ́ẹ̀.

Àdàlù tún wà. Àwọn kan gbà pé àfi bí a bá po oògùn méjì pọ̀ ni koríko tó gbọ́ràn. Oògùn mìíràn kì í bá èkejì rẹ̀ gbé. Glyphosate pàápàá, tí a kà sí èyí tó rọ̀ jù, kò yẹ kí ó wọ inú dúrọ́ọ̀mù tàbí garawa onípáànù. Ó ń bá páànù náà jà, afẹ́fẹ́ hydrogen a sì máa jáde. Iná sìgá kan tó láti mú un bú gbàmù. Inú ike ni kí ẹ ti pò ó. (Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ìkìlọ̀ sára ike, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni à ń sọ lóko.)

Ta ni ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn? Alágbàṣe ni, láìwọ bàtà, láìní ìbọ̀wọ́, nígbà tí olóko jókòó sábẹ́ igi káṣú. Èyí ló ń dùn mí jù. Lójú tèmi, ẹni tó gba èèyàn síṣẹ́ ló ni bàtà, ìbọ̀wọ́, omi àti ọṣẹ, kí ó sì ti rà wọ́n kí ó tó ra oògùn. Ike tó bá ṣófo, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi náà sínú pọ́ǹpù, kí ẹ sì dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ra epo pupa.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwọn àgbẹ̀ inú ìjọ dáwó kọ́ yàrá búlọ́ọ̀kù kan sí ẹ̀yìn ìlú, kí ó jìnnà sí kànga, kí ó ní ilẹ̀kùn irin, kí akọ̀wé sì máa kọ orúkọ ẹni tó gbé oògùn wọlé àti ẹni tó gbé e jáde. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ tó lè yọ̀ǹda, kí ó rí mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú.