Ẹ Pe Ọmọ Yín, Kí Ẹ Jọ Kan Ahéré Sẹ́yìn Ọkọ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, àsìkò ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tún ti ń kanlẹ̀kùn. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a wà yìí, ó lé ní oṣù méjì tí àwọn ọmọ wa yóò fi wà nílé. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ká a yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún gbogbo ẹbí, wọn yóò sì lọ kí ìyá àgbà nílé. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í ṣe owó kékeré, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì lè ṣe é lọ́dọọdún. Kí wá ni àwọn ọmọ tí kò rí ibì kankan lọ ń ṣe? Wọ́n ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí, wọ́n ń tẹ fóònù títí di òru, nígbà tí bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ kejì, tí ìyá sì wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́.

Ìmọ̀ràn tí mo mú wá lè dà bí àwàdà létí yín, ṣùgbọ́n mo fara balẹ̀ rò ó kí n tó kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù nínú wa, irú èyí tí a fi ń kó kúlà àti àga lọ sí òde àríyá lópin ọ̀sẹ̀, kí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n jọ kan ahéré fífúyẹ́ kan tí a lè gbé ka ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kí ẹbí sì máa gbé e lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba láti sùn níbẹ̀ fún òru méjì tàbí mẹ́ta. Kámpà ni àwọn onílẹ̀ ń pè é. Èmi pè é ní ahéré nítorí pé ohun tí ó jẹ́ gan-an nìyẹn: ilé kékeré tí kò ní ju ibùsùn, òrùlé, fèrèsé àti àyè ìkó-oúnjẹ-sí lọ. Tuntun rẹ̀ nílé ìtajà lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì mọ àwọn ẹbí tí gbèsè irú rẹ̀ ti di ìjà láàárín tọkọtaya. Èyí tí a bá fọwọ́ ara wa kàn, mo ti rí i tí owó rẹ̀ kò pé 1,000 dọ́là.

Iṣẹ́ amójútó ìdílé ni mo ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó ń gbé àwọn ẹbí wa dé iwájú mi kì í sábàá jẹ́ ìkórìíra. Òbí fẹ́ràn ọmọ, ọmọ fẹ́ràn òbí, àmọ́ wọn kò ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ń kọjá láàárín wọn kò ju: “Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá?” “Èló ni máàkì rẹ?” “Dín ariwo yẹn kù.” Nílé, nígbà tí àwọn òbí tiwa ń dàgbà, ọmọ a máa bá bàbá rẹ̀ lọ sí abà. Bí wọ́n bá ń tún ahéré ṣe, òun ni yóò máa na koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ sí bàbá rẹ̀ lókè, láàárín iṣẹ́ náà sì ni ọ̀rọ̀ yóò ti máa jáde, díẹ̀díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìpàdé. Àwa ẹ̀wẹ̀, a ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìnlá jókòó sí pálọ̀, a ń bá a sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó ń wo ilẹ̀.

Mo ti gbọ́ àtakò. Àkọ́kọ́ ni ti ìtìjú, pé àwọn ará wa yóò sọ pé lágbájá ti di aláìnílé, inú ọkọ̀ ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Èmi kò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lórí èyí. Ẹni tí ó ra aṣọ ẹbí mẹ́fà láàárín ọdún kan kò ní ẹnu tí yóò fi bú ẹni tí ó ra fóòmù àti gọ́ọ̀mù.

Èkejì ni ó wúwo lọ́kàn mi, nítorí pé ó kan iṣẹ́ mi. Ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó sì bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé: “Àǹtí, bí ẹnìkan bá rí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sùn nínú ọkọ̀, ṣé wọn ò ní pe ìjọba kí wọ́n wá kó wọn lọ?” Ẹ̀rù yìí wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ó sì ti sọ àwọn òbí kan di ẹni tí kì í bá ọmọ wọn jáde rárá. Òfin yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹbí lọ sùn ní ibùdó tí ìjọba fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún irú oorun bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìmọye ẹbí ní ilẹ̀ yìí ni ó ń ṣe é lọ́dọọdún. Ohun tí òṣìṣẹ́ bíi tèmi ń wò ni pé: ṣé ọmọ wà láìléwu? Ṣé ó jẹun yó? Ṣé ara rẹ̀ móoru? Ṣé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé wà pẹ̀lú rẹ̀? Kò sí ẹni tí yóò béèrè bóyá pákó ni ògiri tàbí fóòmù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jókòó sínú ahéré nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tàbí tí iná ìdáná ń jó nínú rẹ̀ lóru, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, orí ìjókòó, pẹ̀lú bẹ́líìtì, ni ipò ọmọ.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá máa bẹ̀rù kíkan ilé sórí ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ jù mí lọ rántí bọ́lẹ̀kájà. Ẹ́ńjìnnì àti irin abẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ìlú òyìnbó. Àwọn káfíńtà wa ni ó kan pákó sí i lára, tí wọ́n to bẹ́ǹṣì sí i nínú, tí ọlọ́dà sì kọ òwe sí i níwájú. Bákan náà ni mólúè ti Èkó: àwọn wẹ́dà wa ni ó jó ara rẹ̀ pọ̀ sórí irin ọkọ̀ akẹ́rù. Ọwọ́ wa mọ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí a má ṣe kọ́ lára wọn, ìyẹn ni ẹrù àkúnwọ́sílẹ̀.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ kí ẹ wo ara férémù rẹ̀. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tí ó sọ iye ìwọ̀n tí àpapọ̀ ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwé yẹn ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀, nítorí pé ọkọ̀ méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan lè yàtọ̀ síra gan-an. Kí a mú un pé 1,400 pọ́n-ùn ni ó kọ sára tiyín. Bàbá wọn 190, ìyá wọn 160, ọmọ méjì 120 àti 80: ó di 550. Ó ku 850. Gálọ́ọ̀nù omi kan ti Amẹ́ríkà lé ní 8 pọ́n-ùn; gálọ́ọ̀nù mẹ́wàá di 83. Oúnjẹ, ìkòkò, kúlà oníyìnyín, aṣọ àti ìbora, ẹ jẹ́ kí a fi 170 sí i. Ó ku 597, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì kan ìṣó kan. Ó sì yẹ kí a ṣẹ́ díẹ̀ kù, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹrù rẹ̀ kún dé góńgó kì í tètè dúró bí a bá tẹ bíréèkì, táyà rẹ̀ a máa gbóná, ó sì lè ṣubú ní kọ́nà. Nítorí náà, bí ahéré yín bá ti ń kọjá 400, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò.

Bàbá kan tí mo mọ̀, ọmọ káfíńtà ni nílé, ó sì gbà pé ohun tí kò bá ní pákó gidi nínú kì í ṣe ilé. Ó ra pílíwúùdù tí ó nípọn tó ìdajì íǹṣì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kì í ju “Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì” lọ, gbé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara ní ilé ìwẹ̀ wá sí gáráàjì. Ó gbé pákó kan dání, ó gun ìwọ̀n, ó yọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kúrò, ó kọ iye tí ó kù sára ògiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún fóòmù líle tí ó tóbi bákan náà, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tí ó nípọn ní íǹṣì 2. Pákó 46, fóòmù 9. “Dádì, ẹ wò ó,” ni ó wí. Bàbá wo ògiri náà pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó kó pákó padà sí ilé ìtajà. Kò sí ìjókòó ìmọ̀ràn kan ní ọ́fíìsì mi tí ó tíì mú bàbá àti ọmọ dé ibi tí ìwọ̀n ilé ìwẹ̀ yẹn mú wọn dé.

Fóòmù tí mo ń sọ kì í ṣe ti ibùsùn. Èyí tí wọ́n fi ń dí otútù lára ògiri ilé ni. Ọ̀bẹ mímú gé e. A ó fi gọ́ọ̀mù lẹ etí rẹ̀ mọ́ra, a ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti igun, ẹnu ọ̀nà àti férémù fèrèsé lẹ́yìn, a ó sì fi pílíwúùdù fẹ́lẹ́ ṣe ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fi aṣọ kánfáàsì bò ó, irú èyí tí àwọn akunlé ń tẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀dà má baà ba ilé jẹ́. Gọ́ọ̀mù igi tí omi kì í tètè ṣe ní nǹkan ni a ó fi rẹ aṣọ náà mọ́ fóòmù; bí ó bá gbẹ, a ó kun ọ̀dà ìta ilé sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Yóò le bí awọ ìlù. Kí ẹ ṣọ́ra, àwọn gọ́ọ̀mù kan wà tí ń jẹ fóòmù bí iyọ̀ ṣe ń jẹ ìgbín. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù. Ibùsùn kan lè yọ sórí òrùlé ibi tí awakọ̀ ń jókòó, kí èkejì wà nílẹ̀. Omi àti ohun tí ó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kí ó wà, kí ó sì súnmọ́ iwájú. A kì í fi ìṣó kan ahéré mọ́ ọkọ̀: okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di ẹrù ni a ó fi dè é ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú rọ́bà tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Kí ẹ má sì lé àwọn ọmọbìnrin lọ sí ilé ìdáná nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn mọ ọ̀bẹ àti rúlà bí ti ẹ̀gbọ́n wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kàn. Fóòmù yìí ń jó, èéfín dúdú rẹ̀ sì burú. Ààrò gáàsì àti èédú kò gbọdọ̀ jó nínú ahéré, kódà bí òjò bá ń rọ̀, kódà bí otútù bá ń mú. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide kò ní òórùn, kò ní àwọ̀; ẹni tí ó ń sùn kì í mọ̀ pé òun ń fà á símú. Ẹ ra aago ìkìlọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀fín, èyí tí ń lo bátìrì, kí ẹ tó ra ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Ẹ la ihò afẹ́fẹ́ sí òkè àti ìsàlẹ̀. Èémí ènìyàn mẹ́rin lóru kan tó láti mú ògiri lómi. Fèrèsé kan gbọdọ̀ tóbi tó èyí tí àgbàlagbà lè gbà jáde bí ẹnu ọ̀nà bá dí.

Ibi tí a ó gbé e lọ kò wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ igbó ìjọba àpapọ̀, wọ́n gbà kí ènìyàn dúró sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sábàá máa ń jẹ́ títí di ọjọ́ 14, bí ó bá pa òfin ibẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2015 sì ni ètò kan ti wà tí ń fún àwọn ọmọ ìpele kẹrin ní ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ sí ọgbà ìjọba àpapọ̀, tòun ti ẹbí wọn. Àwọn kan nínú wa ń sọ pé òyìnbó ni ó ni igbó. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ọgbà Shenandoah ní Virginia, ibùdó Lewis Mountain tí wọ́n ṣí ní 1939 nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú láti sùn sí. 1950 ni ìyàsọ́tọ̀ náà tó kúrò pátápátá ní ọgbà yẹn. Láti 1936 sì ni Victor Hugo Green, ọkùnrin apínlẹ́tà kan ní New York, ti ń tẹ ìwé jáde láti fi han àwọn aláwọ̀ dúdú ibi tí wọ́n lè sùn lọ́nà láìsí ìtìjú àti ewu. Lewis Mountain wà níbẹ̀ dòní, ẹnikẹ́ni ló sì lè sùn níbẹ̀. Bí ẹ bá lè gbé ahéré yín dé ibẹ̀, ẹ sọ ìtàn náà fún wọn níbi iná alẹ́.

Ẹ má ṣe retí pé iṣẹ́ yìí yóò parí ní ọ̀sẹ̀ kan. Pẹ̀lú iṣẹ́ òru àti iṣẹ́ ọ̀sán wa, òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò pọ̀ jù. Ní Sátidé àkọ́kọ́, ẹ kó páálí ńlá láti ilé ìtajà, ẹ fi to ahéré náà sẹ́yìn ọkọ̀, kí olúkúlùkù dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ta mọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì parí, kí ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan. Kí ọmọ kan wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin sì fi rọ́bà omi da omi lé e lórí láti gbogbo ìhà. Ibi tí omi bá gbà wọlé, òun ni yóò pariwo láti inú, ẹ̀yin ni ẹ ó sì gbé gọ́ọ̀mù wá.