Ẹ Gbé Odó Jáde fún Àwọn Ọmọ Yín

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé èrò mi lé lónìí. Ó jẹ mọ́ odó, ìrẹsì, ẹ̀pà àti èdè tí ó wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Bí ó bá yà yín lẹ́nu pé oúnjẹ àwọn ará Japan ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ fi sùúrù kà á dé òpin kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní Becontree Heath àti ní àyíká Dagenham, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ orúkọ mochi lẹ́nu àwọn ọmọ yín. Àkàrà ìrẹsì àwọn ará Japan ni. Ó rọ̀, ó ń fà bí iyán, ó sì dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, irú rẹ̀ kan tí a fi áísìkiriìmù sí nínú gbòde kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ TikTok, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń wá a láti ilé ìtajà kan dé òmíràn. Láti ìgbà náà ni ó ti di ìpápánu tí ọmọ ilé ìwé mọ̀ dáadáa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ náà kò ju méjì lọ. Àwọn kan a na owó sí ọmọ, ọmọ a rà á, a jẹ ẹ́ tán nínú yàrá rẹ̀, a sì ju páálí rẹ̀ nù. Àwọn mìíràn a fajú ro, wọn a ní kí ni ti oúnjẹ Japan nínú ilé ọmọ Odùduwà. Èmi kò gba ti apá méjèèjì. Ẹni tí ó fi owó yanjú rẹ̀ kò kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Ẹni tí ó sì fi ìbínú lé e jáde ti ilẹ̀kùn mọ́ àǹfààní. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a ṣe é nílé, kí òbí àti ọmọ jọ ṣe é, kí ó sì jẹ́ pé Yorùbá ni a ó máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn tí wọ́n ni oúnjẹ náà ti ń ṣe é. Ìrẹsì kan wà tí wọ́n ń pè ní mochigome, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́wọ́ bí a bá sè é. Wọn a rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọn a fi ooru omi sè é, wọn a dà á sínú odó, wọn a sì máa gún un. Ẹnì kan a máa fi òòlù onígi lù ú, ẹnì kejì a máa fi ọwọ́ tí ó ti tẹ̀ bọmi yí i padà láàárín ìlù kan sí èkejì. Ìparí ọdún ni tẹbí tará ń péjọ sídìí iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí àwọn obìnrin méjì ti ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo ní Èkìtì tàbí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìtumọ̀. Ní apá àríwá ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Tohoku, wọn a tún lọ èso kan tí ó fara jọ àsálà wa, wọn a pò ó mọ́ ṣúgà, wọn a sì fi bo àkàrà náà.

Àwọn ọmọ Japan tí wọ́n ṣí lọ sí Hawaii àti California láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn gbé odó yìí dání lọ́kàn wọn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń péjọ ní ìparí ọdún láti gún mochi, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ lè sọ èdè Japan dáadáa mọ́. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe kì í tètè kúrò nínú ìdílé.

Àwa náà ní ẹ̀rí tiwa. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, àwọn obìnrin ṣì ń dín àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀. Ní ọdún 2005, ìjọba Brazil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà náà sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ kan ṣe la òkun kọjá, tí ó la ìyà kọjá, nítorí pé ọwọ́ kò jáwọ́ nínú iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wò ó dáadáa. Orúkọ oúnjẹ náà ló kù. Bí a bá yọ orin àti àdúrà ilé òrìṣà kúrò, èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé ti di ti Potogí. Oko ẹrú ni ó gba èdè lẹ́nu tiwọn. Kí ni yóò gbà á lẹ́nu tiwa ní Dagenham bí kò ṣe àìráyè àti àìkọbiarasí? Nítorí náà, kí a jọ dáná nìkan kò tó. Bí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnu máa sọ èdè.

Bí a ṣe lè ṣe é kò le. Ẹ lọ sí ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà, ẹ wá ìyẹ̀fun tí a kọ glutinous rice flour sí lára. Orúkọ yìí kò túmọ̀ sí pé gluten wà nínú rẹ̀. Lílẹ̀ tí ìrẹsì náà ń lẹ̀ ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun ìrẹsì lásán tí a fi ń ro tùwó kò lè ṣe é, ìrẹsì Ọ̀fadà náà kò sì lè fà bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ìyẹ̀fun náà ní gíráàmù 150 àti ṣúgà ní gíráàmù 100, kí ọmọ da mìlílítà omi 200 sí i díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa pò ó títí tí kóro kan kò fi ní sí nínú rẹ̀. Ẹ fi òróró pa abọ́ lára, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó, ẹ sì gbé e sínú ìkòkò tí omi ti ń hó nísàlẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó fún un. Ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín. Bí ó bá ti ń dán, tí kò funfun bí ẹfun mọ́, ó ti jinná.

Kí ó tó jinná, kí ọmọ ti bó èèpo ẹ̀pà yíyan tí ó kún ọwọ́ méjì, kí ó sì gún un nínú odó kékeré títí yóò fi wó wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọmọrogùn tí a tẹ̀ bọmi ro àkàrà náà dáadáa, ẹ da ẹ̀pà sí i, ẹ dà á sórí pátákó tí a ti fi cornflour wọ́n, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ sì gé e. Ọjọ́ tí a bá ṣe é ni kí a jẹ ẹ́, nítorí pé yóò le bí ó bá sùn nínú fíríìjì.

Nínú iṣẹ́ tí kò ju wákàtí kan lọ yìí, ọmọ tí ó ti ń fi “ṣe oúnjẹ” bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ yóò gbọ́ bó, pò, rò, sè àti gún. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti sọ fún un pé a ń yan ẹ̀pà, a ń dín àkàrà, a ń sun iṣu, a ń se ẹ̀wà, a ń ro àmàlà, a sì ń gún iyán, ọ̀kan kò sì lè dúró fún èkejì. Kò sí ìwé kan tí yóò kọ́ ọ bí ọwọ́ tirẹ̀ yóò ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ o. Oúnjẹ tí ó ń fà lè há sí ọ̀fun. Ní Japan fúnra rẹ̀, ní ìgbà ọdún tuntun, ó máa ń há àwọn arúgbó lọ́fun, ó sì máa ń pa àwọn kan nínú wọn, tí àwọn panápaná Tokyo fi ń kìlọ̀ pé kí wọ́n gé e kéékèèké. Ẹ má fún ọmọ kékeré jẹ, ẹ sì gé ti màmá àgbà wẹ́wẹ́. Ìmọ̀ràn NHS ni pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 ní odindi ẹ̀pà. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ara wọn kò gba ẹ̀pà rárá, tí ó lè gba ẹ̀mí wọn. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ yín kí ẹ tó bù fún wọn, ẹ má sì fi í sínú oúnjẹ tí ọmọ ń gbé lọ sí ilé ìwé. Bí ojú tàbí ètè ọmọ bá wú, tí kò lè mí dáadáa, 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sì tìtorí èyí sọ ẹ̀pà di ọ̀tá. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí ọmọ ọwọ́ 640 tí ewu yìí súnmọ́ jù. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, nǹkan bí 17 nínú 100 àwọn tí a kò fún ní ẹ̀pà ni ara wọn kọ̀ ọ́. Nínú àwọn tí a tètè ń fún ní ẹ̀pà ní ọ̀nà tí kò lè há lọ́fun, nǹkan bí 3 péré ni. Bí ara ọmọ ọwọ́ yín bá ní èékú líle, tàbí tí kò gba ẹyin, ẹ rí dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò ní òun kò ráyè. Òótọ́ ni, púpọ̀ nínú wa ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú arúgbó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé kan lóṣù kò pọ̀ jù fún èdè baba ẹni. Ẹlòmíràn yóò ní odó yóò dí aládùúgbò lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé tí ìjọba ìlú London bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ sí Becontree ní ọdún 1921 ló jọ ń pín ògiri. Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura àtijọ́ sábẹ́ odó, ẹ gún un ní ọ̀sán, kí ẹ sì bu díẹ̀ fún aládùúgbò náà bí ara rẹ̀ bá gba ẹ̀pà.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe oúnjẹ tiwa. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí ọmọ fẹ́ ni a fi ń pè é wá sídìí iná. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, ọwọ́ wa ni ìyókù wà. Àwa náà gba dọ́ńkúwà lọ́wọ́ àwọn Hausa, a sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni pé ọwọ́ wa ni ó ti ṣẹ̀. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ẹ̀pà tí a gún pọ̀ mọ́ ṣúgà ni òun náà. Bí a bá ṣe mochi lóṣù yìí, kí a ṣe dọ́ńkúwà lóṣù tí ń bọ̀, kí àádùn tẹ̀ lé e. Odó kan náà ni yóò gún gbogbo rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé igi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Beohha ni Becontree túmọ̀ sí, àti pé ìdí igi náà ni àwọn ará agbègbè yìí ti ń péjọ gbìmọ̀ láyé àtijọ́. Igi náà kò sí mọ́. Orúkọ nìkan ni ó kù, ọ̀pọ̀ tí ó sì ń pè é lójoojúmọ́ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí Elédùmarè má jẹ́ kí orúkọ tí a sọ àwọn ọmọ wa dà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn. Àmín.