Ọ̀bẹ Ń Wó Ilé Ara Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà fún oníṣọ̀nà awọ ní Ìlọrin o!

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe tòní nílùú náà. Láti ọ̀rúndún 19 tí Ìlọrin ti wà lábẹ́ Sókótó ni òwò Haúsá ti ń wọ ibẹ̀ gan-an. Irú awọ ewúrẹ́ wọn ni ràkúnmí rù la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, tóyìnbó rà, tó pè é ní awọ Mòrókò. Kánò àti Sókótó ló ti wá! Èso igi bagaruwa ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́ kó má baà jẹrà; pòròpórò ọkà bàbà ló ń sọ ọ́ di pupa.

Ṣùgbọ́n ká ká awọ, ká rán an, ìyẹn nìkan kọ́ ni àkọ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ rẹ awọ sómi, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀bẹ títí á fi gba ìrísí rẹ̀. Á wá fi tẹ́ẹ́rẹ́ awọ kan há àárín, níbi tójú ọ̀bẹ máa kàn, kó tó rán an. Bí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò bá sí, ọ̀bẹ á máa gé òwú díẹ̀díẹ̀, títí ọjọ́ tí ọdẹ á jókòó, tí ọ̀bẹ á yọ sí i nítan.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin alápatà, ẹ má náwó àkọ̀ já jù. Tẹ́ẹ́rẹ́ awọ yẹn lẹni tówó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ yọ. Ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ má sì ki ọ̀bẹ tútù bọ̀ ọ́, á dípẹtà.

Owó àkọ̀ ṣeé wá. Wọn kì í ta itan èèyàn lỌ́jà Ọba!