Ẹ má fo ewu oògùn serotonin dá

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín ní oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lórí serotonin máa tó gbapò metformin lọ́wọ́ àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Ọ̀rọ̀ ò tíì dé bẹ̀. Tibi tire la dálé ayé. Tire nìkan lẹ sọ.

Lóòótọ́, lorcaserin, ọ̀kan lára irú oògùn bẹ́ẹ̀ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2012 fún àwọn tó sanra jù, ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán an wò lára èèyàn bí 12,000, jẹjẹrẹ mú 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó. Láàárín àwọn tí hóró tiwọn kò ní oògùn nínú, 7.1 ni. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2020.

Ẹ kìlọ̀ fáwọn òǹkàwé: kí ẹnikẹ́ni má pa oògùn tí dókítà kọ fún un tì.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn